Èbù Iṣu Tí Mi Ò Ní Fi Ránṣẹ́ Sétí Òkun

Kambolé, ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán

Ràmátù ọmọ mi,

Àlàáfíà ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí ọ. Gbà á dáadáa, nítorí ohun tó tẹ̀ lé e nínú ìwé yìí kì í ṣe àlàáfíà. Inú ń bí mi. Inú ti ń bí mi láti Jímọ̀ tó kọjá tí ohùn rẹ ti dé orí fóònù mi. Bàbá rẹ ní kí n mu omi tútù kí n tó mú bírò. Mo ti mu ife méjì, inú ṣì ń bí mi.

O máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Mo pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ọ́. Nígbà àkọ́kọ́, o ní o wà ní réunion, pé ìpàdé ń lọ lọ́wọ́. Nígbà kejì, o ní kí n fi ohùn sílẹ̀, pé wàá gbọ́ ọ tó bá yá. Nígbà kẹta, bí mo ṣe la ẹnu báyìí, o ní, "Màmá, réseau ò dáa níbí," bẹ́ẹ̀ mo sì ń gbọ́ bí àlùbọ́sà ṣe ń ta nínú epo lórí iná rẹ kedere. Ó dáa. Ìwé ò ní réseau tó ń já, kò sì sẹ́ni tó lè gé e mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo ń lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ èdè wa lábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ ń rẹ́rìn-ín pé kí ni arúgbó fẹ́ fi ìwé ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe nìyí.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ fún ọ, bóyá o ò gbọ́ ara rẹ nígbà tí o ń sọ ọ́. O ní, "Màmá, àwọn màsọ́n tó máa mọ ilé wa máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀. Ẹ bá mi fi èbù iṣu ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa."

Ó dùn mọ́ mi pé o rántí. Ṣùgbọ́n ṣé o rántí ohun tó túmọ̀ sí? Nílé wa, ọmọbìnrin tó bá fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ kọ́lé kì í fi bíríkì lélẹ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi fi èbù iṣu kan ránṣẹ́ láti inú abà ara rẹ̀. Wọ́n á gbìn ín sẹ́yìn ibi tí ilé ìdáná máa wà. Ìyá mi ṣe é fún mi, ìyá tirẹ̀ náà ṣe é fún un. Kì í ṣe iṣu jíjẹ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Èbù yẹn ni ìyá fi ń sọ pé òun mọ ilẹ̀ náà, pé ọkàn òun balẹ̀ sí i. Ẹ̀rí ni.

Ìwọ wá ní kí n jẹ́rìí sí ilẹ̀ tí kò ju ọgọ́ta ẹsẹ̀ lọ sí omi òkun. Ìwọ, Ràmátù! Ìwọ tí wọ́n gbà síṣẹ́ kí o máa kiri ìlú sọ fún àwọn èèyàn pé òkun ń gbóná, pé ó ń wú, pé ó ń jẹ ilẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, mà á ní kò mọ̀ ni.

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, mà á sì gbìyànjú láti tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí mo mọ̀ pé o fẹ́ràn kí wọ́n máa ka nǹkan ní ọ̀kan, èjì.

Ìkíní. Ọ̀rọ̀ ọjà Tchamba la máa kọ́kọ́ sọ, nítorí o ṣì ń bínú sí mi lórí rẹ̀, o rò pé mi ò mọ̀.

Nígbà ọyẹ́ yìí tí ìwọ àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ gbé ọkọ̀ wá, tí ẹ ta aṣọ funfun tí ẹ ń fi àwòrán òkun hàn lára rẹ̀, mo ti sọ fún gbogbo ìlà ẹlẹ́ja pé ọmọ mi ló ń bọ̀. Mo ti fọ agbòòrùn mi. Mo ti ní kí ìyá oníyọ̀ sún kúrò lójú mi kí n lè rí ọ dáadáa. O wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, o bẹ̀rẹ̀ sí fi Faransé sọ bí òkun ṣe ń gbóná tó sì ń jẹ ilẹ̀: "Le réchauffement de l'océan, l'érosion côtière..." Ẹni tó ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Tem ń sáré tẹ̀ lé ọ, ó rẹ̀ ẹ́ láàárín ọ̀nà, ó fi ọ́ sílẹ̀.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà níwájú, ará Goubi, oníbàárà mi ni, ó gbé iṣu wá tà. Ó na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "Ọmọ mi, òkun tí ẹ ń wí yìí, mi ò rí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Kí ni òkun fẹ́ kí n ṣe fún òun ní Goubi?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tí o fi dá a lóhùn ni, "Papa, c'est ça le problème, vous n'êtes pas sensibilisés," pé ìṣòro náà nìyẹn, pé wọn ò tíì là wọ́n lọ́yẹ.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ń jẹ́ problème, Ràmátù. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé rí mọ̀ ọ́n. Bàbá yẹn di okùn iṣu rẹ̀, ó kẹ́yìn sí ọ. Àwọn obìnrin ń rẹ́rìn-ín. Mo wò ọ́ lójú, mo rí i pé omijé ti fẹ́ máa bọ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo dìde. Mo bu ẹja wẹ́wẹ́ yíyan láti inú apẹ̀rẹ̀ mi, mo tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́. Mo ní, "Ẹ wò ó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ta irú ẹja yìí, mẹ́ta péré ló ń kún ọwọ́ mi. Ẹ wá ka iye tó wà níbẹ̀ lónìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bú mi pé mò ń rẹ́ yín jẹ, òkun ló bí ẹja yìí kéré, kì í ṣe èmi. Omi ń gbóná. Èyí tó lágbára nínú wọn ń sá lọ síbi tó tutù, àwọn apẹja sì ń kó èyí tó kù kó tó dàgbà."

O rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn obìnrin sún mọ́ wa. Bàbá Goubi padà, ó mú ẹja kan lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ṣé inú ọbẹ̀ mi ni òkun ti ń bá mi jà láti ọjọ́ yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Èyí yé mi." Ó jókòó. Ìgbà yẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí bi ọ́ nípa òjò, bóyá inú òkun náà ni òjò ti ń pọn omi tirẹ̀, o sì dá a lóhùn ní Yorùbá tó mọ́ tónítóní, tí o ti fi pa mọ́ láti àárọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, lábẹ́ òjìji ọkọ̀ yín, o fa ọwọ́ mi, o ní, "Màmá, ẹ gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu devant mon chef, níwájú ọ̀gá mi." Mi ò fèsì lọ́jọ́ yẹn. Èsì mi rèé: mo gé e. Mo tún máa gé e lọ́la. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o má tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibi tí ìwọ mọ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń káàánú ohun tí kò rí rí. Béèrè kí o tó sọ. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wo ìṣe òkun láti inú apẹ̀rẹ̀ ẹja, ọmọ bíbí inú mi ń ṣiṣẹ́ òkun, kò bi mí léèrè ohun kan rí!

Ìkejì. Kí o má baà rò pé mo mọ gbogbo nǹkan láti ilẹ̀, jẹ́ kí n sọ ìwà òmùgọ̀ tèmi fún ọ.

O mọ Dàdá Ablá, obìnrin Mina tó ń yan ẹja létí òkun, tí mo máa ń lọ kó ẹja lọ́dọ̀ rẹ̀ kí àwọn ọlọ́kọ̀ tó máa gbé e wá bá wa ní Sokodé. Nígbà tí ò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kouloundè tí o ń lọ ilé ìwé girama, ẹja rẹ̀ lo fi ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ́ ẹja wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ìyá Ràmátù, ẹja ń lọ. Àwọn ọkọ wa ní omi ti gbóná ju bó ṣe ń gbóná tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà ń lọ."

Mo pòṣé. Mo rò pé ọgbọ́n àti fi owó lé ọjà ni. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ mi, mo lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ọdún méjì gbáko mi ò kí i. Irọ́ ni mo pè é, nítorí tó bá jẹ́ òótọ́, ọjà mi ló máa bàjẹ́. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó bá máa dùn wá ní àpò la máa ń pè nírọ́.

Nígbà tí mo padà wá a, mi ò rí ilé tó ti ń yan ẹja mọ́. Ààrò mẹ́fà tí ó tò létí ara wọn, tí mo mọ̀ bí mo ṣe mọ ààrò ilé mi, omi ti wà lórí gbogbo wọn. Nígbà tí ìgbì bá fà sẹ́yìn, ẹnu ààrò kan á yọ, ìgbì á tún bò ó. Dàdá Ablá rí mi lókèèrè, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹja lo wá rà, àbí o wá kí èyí tó ń gbé inú ààrò mi?" Èmi ni mo sunkún. Láti ìgbà yẹn, omi ti tún lé e kó kúrò níbòmíràn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó dáa, ìwọ náà mọ ìtàn yìí. O fi àwòrán ibẹ̀ han àwọn ará Tchamba! Mo rí i lára aṣọ funfun yín. Mo fẹ́ kígbe pé ilé Dàdá Ablá nìyẹn.

Mo sì tún fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ igi àgbọn. Nígbà ìgbéyàwó rẹ, mo lọ fọ ẹsẹ̀ mi nínú òkun, mo so gèlè mi mọ́ igi àgbọn kan kó lè gbẹ. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín igi yẹn àti omi, àyè sì gbà wọ́n. Ìṣó méjì wà lára igi náà tí àwọn apẹja fi ń so àwọ̀n. Nígbà ààwẹ̀ èṣí tí mo wá kí ọ, igi ti dùbúlẹ̀ sínú omi, gbòǹgbò rẹ̀ ń wo ọ̀run. Mo fi hàn ọ́. O ní, "Igi míì ni, Màmá." Mo dákẹ́ fún ọ níwájú ọkọ rẹ. Ṣùgbọ́n mo rí ìṣó méjèèjì, Ràmátù. Ojú mi ò tíì fọ́. Ilẹ̀ tí ẹ fi igi mẹ́rin sàmì sí yẹn, tí o fi àwòrán rẹ̀ hàn mí nígbà oúnjẹ alẹ́ tí o ń sọ pé, "Ẹ wo la vue, Màmá, ẹ wo bí òkun ṣe lẹ́wà lójú," ọ̀dọ̀ igi yẹn náà ni.

Ó lẹ́wà. Mi ò jiyàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ìkẹta, ohun tí mi ò sọ fún ọ rí nìyí. Bàbá rẹ mọ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ sọ ọ́, kí n sọ ọ́ tán.

Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó tuntun, àwọn ẹbí bàbá rẹ fẹ́ kọ́lé oko sí Goubi, lẹ́bàá odò kékeré tó wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń gbé nítòsí. Ó pè mí lọ́jọ́ kan, ó mú mi dé ìdí igi àràbà kan, ó fi ìka tọ́ ìlà ẹrẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ ara igi, ní ìwọ̀n àyà mi. Ó ní, "Omi ti dé ibí rí. Omi kì í gbàgbé ọ̀nà." Mo rí i. Mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú. Kódà, mo bẹ̀rẹ̀ sí kìlọ̀ fún àwọn ìyàwó ilé tó kù pé kí wọ́n má máa sá gbàgúdá síbẹ̀. Èmi náà ń ṣe sensibilisation nígbà yẹn, kí wọ́n tó bí ọ!

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí bàbá bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, tó ní, "Ibí la máa kọ́ ọ sí," ẹnu mi dì. Ìyàwó tuntun kì í tọ́ka sí nǹkan nílé ọkọ. Wọ́n ní bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́, mo sì fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ìrọ̀rí sùn. Ká má parọ́, ó tún wù mí kí n máa pọn omi nítòsí. Nígbà tí ìyá mi ránṣẹ́ béèrè pé, "Báwo ni ilẹ̀ yẹn ti rí, kí n fi èbù ránṣẹ́?" mo ní ilẹ̀ náà dára. Ìyá mi gbẹ́kẹ̀ lé ẹnu mi. Ó fi èbù ránṣẹ́.

Lọ́dún kẹta, lọ́sàn-án gangan, mò ń ro ọkà lórí iná. Òjò ò rọ̀ lọ́dọ̀ wa rárá, òkè odò lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Mo gbọ́ ariwo bí ẹni ń fọ́ igi. Kí n tó yíjú, omi ti wọlé. Ó gbé ògiri, ó gbé abà iṣu lódindi, gbogbo èbù tí a fẹ́ fi gbin oko ọdún tó ń bọ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Èmi sáré lọ dì mọ́ igi àràbà. Omi ga dé àyà mi, ó dé ìlà yẹn gan-an, ó dúró.

Ìwọ lo wà lẹ́yìn mi, Ràmátù. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà nínú omi. Ò ń ké nítorí òtútù, èmi sì ń dúpẹ́ pé ò ń ké, torí mi ò lè yọ ọwọ́ lára igi kí n fi kàn ọ́ wò. O máa ń bi mí nígbà tí o wà lọ́mọdé pé kí ló dé tí o fi ń bẹ̀rù odò. Ohun tó fà á nìyẹn. Ojú tì mí ni mi ò ṣe sọ fún ọ.

Ìyá mi wá láti Kambolé lọ́jọ́ kejì. Ó wo igi, ó wo ìlà ẹrẹ̀ tuntun tó bọ́ sórí ti àtijọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé o ti rí i tẹ́lẹ̀?" Mo ní mo ti rí i. Kò bú mi. Ó gbé ọ pọ̀n, ó ń lọ sílé. Ì bá sàn kó nà mí.

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Jẹ́ ká sọ pé ìkẹrin nìyí, ọ̀rọ̀ Kòmlá.

Mi ò ní ohunkóhun lòdì sí ọkọ rẹ. Ó ń jẹ iyán wa láìfi ṣíbí bù ú. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní Yáyà ní mọ́sálásí, ó jẹ́ orúkọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di òní tí wọ́n bá pe Yáyà ó máa ń wo ẹ̀yìn. Èèyàn dáadáa ni. Mo mọ gbogbo ohun tí o máa sọ: pé bàbá bàbá rẹ̀ ló ni ilẹ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ayébáyé, pé wọ́n ní wọ́n á kó òkúta wá dí omi. Ó dáa. Ìbéèrè kan ni mo ní: àwòrán tí o fi han àwọn ará Tchamba tí wọn ò rí òkun rí, ṣé o ti fi han Kòmlá rí?

Mo mọ̀ pé o ò tíì fi hàn án. O lè bá gbogbo Tógò sọ̀rọ̀, o ò lè bá ọkùnrin kan sọ ọ́ lórí àwo oúnjẹ. Mo mọ bó ṣe ń rí, mo ti ṣe é. Ṣùgbọ́n èmi jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò kàwé. Kí ni àwáwí tìrẹ?

Má sọ ọ́ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, wọ́n á ní o wá fi ojú ilẹ̀ àwọn gbolẹ̀. Mú òun nìkan lọ síbẹ̀ nígbà tí omi bá kún. Ẹ jọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ìdí igi tí ẹ fi sàmì dé etí omi, kó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, mú un lọ sọ́dọ̀ Dàdá Ablá kó bá a sọ ọ́ ní èdè wọn. Kí o sì kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ dáadáa, kí o má fi ìgbéraga ìwé bá a sọ̀rọ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ṣùgbọ́n sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ń dàgbà, òun náà máa ń fẹ́ sùn láì máa tẹ́tí sí ìgbì.

Ohun mìíràn tún wà tó ń mú orí mi gbóná. Bàbá Goubi ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ ẹ̀yìn rẹ. Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń dúró lẹ́bàá àtẹ mi, ó ń ṣàlàyé òkun fún àwọn èèyàn bí ẹni tí wọ́n bí sínú ọkọ̀ ojú omi. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi koríko tó nípọn bo orí ebè rẹ̀ torí ooru, ó ní ooru tó lè lé ẹja kúrò nílé lè se èbù òun jinná nínú ilẹ̀. Bàbá rẹ ní ọ̀rọ̀ òkun ò kan Kambolé, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń ṣe ebè tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà, kò kàn fẹ́ kí n rí i ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá yẹn bi mí pé, "Ọmọ rẹ tó mọ òkun yẹn, ibo ló kọ́lé sí?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ń fi ìwé lé eṣinṣin lórí ẹja tí eṣinṣin ò bà lé. Ẹni tó ní òun máa dá aṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Lọ́jọ́ tí bàbá yẹn bá gbọ́ pé ẹnu òkun lo kọ́lé sí, á tú koríko orí ebè rẹ̀ dà nù, á ní eré ni ẹ wá ṣe. Kò ní jẹ́ òun nìkan. Gbogbo ìlà ẹlẹ́ja, gbogbo àwọn tó sún mọ́ wa lọ́jọ́ yẹn ni. Iṣẹ́ tí o ń ṣe yìí, ibi tí o bá sùn ni àwọn èèyàn máa fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ, mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí o dé láti Kouloundè lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, tí o ṣí ìwé tí wọ́n ya ayé sí, tí o fi gbogbo ibi tó jẹ́ búlúù hàn mí, tí o ní, "Màmá, omi ló pọ̀ jù," mo wò ọ́, mo ní nínú ara mi pé ọmọ yìí máa mọ ohun tí mi ò mọ̀. O sì mọ̀ ọ́n. Mo ń fi ọ́ yangàn débi pé ìyá oníyọ̀ ò fẹ́ jókòó tì mí mọ́. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tó báyìí. Èèyàn kì í bínú bẹ́ẹ̀ sí ọmọ tí kò gbọ́n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ èbù. Mo ti ṣà á. Mo ṣà á lọ́jọ́ tí ohùn rẹ dé gan-an, kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí bí mi. Ó wà nínú abà, mo fi ewé tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ yìí mo lọ wò ó, ó ti ń yọ ojú, kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Iṣu kì í dúró de réunion ẹnikẹ́ni. Tí ọ̀mùnú rẹ̀ bá gùn kó tó kan ilẹ̀, ọ̀nà ni á ti ṣẹ́.

Wá ilẹ̀ tí omi oníyọ̀ ò lè dé. Kó jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀nà ńlá, kó jẹ́ òkè ọ̀sà, kó kéré, kó má ní vue kankan. Kódà kó jẹ́ ilé tí ẹ máa háyà, tó bá ṣáà ti ní ẹ̀yìnkùlé tí ebè kan lè gbà. Lọ́jọ́ tí o bá sọ orúkọ ibẹ̀ fún mi, mi ò ní fi èbù yìí fún ọlọ́kọ̀ kankan. Èmi fúnra mi ni mà á gbé e sórí itan mi nínú ọkọ̀ láti Tchamba dé Sokodé, láti Sokodé dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mà á fi ọwọ́ mi gbìn ín, mà á sì dúró títí wàá fi bí oyún inú rẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ fi bíríkì lélẹ̀ síbi tí ẹ ti sàmì sí yẹn, mi ò lè dá yín dúró, o ti fẹ́ di ìyá ọmọ. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìyá rẹ mọ ilẹ̀ náà. Mo ti purọ́ ilẹ̀ fún ìyá mi lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní purọ́ ilẹ̀ fún ọmọ tó wà nínú rẹ.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ẹ̀yin méjèèjì, kó sì la ẹnu rẹ níbi tó yẹ kó là. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má gbàgbé láti kọ ọ́ pé òun kò bínú ní tirẹ̀. Irọ́ ló ń pa. Láti àárọ̀ ló ti ń wọ abà lọ wò ó bóyá èbù náà ti gùn.

Èmi ni,
ìyá rẹ tó gbé ọ pọ̀n nínú omi.